Ọjọ́ Tí Ìyá Ìbejì Gun Bàlúùnù

"Ẹ ò pé," ni òṣùwọ̀n wí.

Kò pariwo, kò sì bínú. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi kí wọn káàárọ̀. Àwọn mẹ́rin tó dúró lórí irin rẹ̀ wojú ara wọn. Akínmúrelé, baálé ilé, tẹ ẹsẹ̀ mọ́ irin náà bíi pé òun ni kò wúwo tó. Ìyá rẹ̀, Màmá Àgbà, di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ irin náà mú gírígírí, nítorí ẹni ọgọ́rin ọdún kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó bá ń mì. Táyéwò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò jọ ẹni tó gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn bàlúùnù. Ìyá Ìbejì nìkan ni kò yà lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti àná pé ohun tí òṣùwọ̀n máa sọ nìyẹn. Ká má purọ́, ó ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn.

"Ìdílé Akínmúrelé, Àdúgbò Abẹ́ Àpáta," ni òṣùwọ̀n tún wí. "Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ìwé. Èèyàn mẹ́rin ló wà lórí irin. Kẹ́hìndé Akínmúrelé ò sí níbí. Ẹ pè é kó wá."

Lẹ́yìn ẹnubodè yẹn ni pápá Ọdún Ìgòkè wà. Bàlúùnù bí ogójì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ṣì sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, àwọn kan ti ń wú, iná ń kùn hùùù lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń ti orí ẹní dìde. Pupa wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ya ẹja sí lára, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ "A DÚPẸ́" sí gàdàgbà. Lókè gbogbo wọn, wọ́n ti ká Ìbòrí, aṣọ ńlá tó bo ìlú, kúrò lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ká a, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọyẹ́, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí oòrùn á fi yọrí lẹ́yìn àpáta. Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún fà á bo ìlú láti orí òkè kan dé orí òkè kejì, kí ooru má baà pa èèyàn, gbogbo wọn á sì padà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ eérú tí wọ́n ń gbé.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́sàn-án. Ìyẹn ni òfin. Nígbà tó kan ìdílé Akínmúrelé gbẹ̀yìn, oyún àwọn ìbejì ló wà nínú Ìyá Ìbejì, ikùn rẹ̀ sì ga débi pé atukọ̀ bàlúùnù ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bímọ sínú apẹ̀rẹ̀ òun. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọn ò tíì máa pè é ní Ìyá Ìbejì nígbà yẹn. Ṣẹ̀gílọlá ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá tó ń ṣọ́ ẹnubodè sún mọ́ wọn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọdún o. Ẹnìkejì dà? Ẹ ní kó sáré máa bọ̀, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín."

"Kò bá wa wá," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Ara ẹ̀ ò yá ni? Kò burú, a lè rán àwọn èèyàn lọ gbé e. Ẹ ò kúkú lè fi í sílẹ̀, ẹ mọ òfin. Ilé kan, apẹ̀rẹ̀ kan. Láti ìgbà tí àwọn kan ti ń ti arúgbó wọn mọ́lé kí wọ́n lè ráyè nínú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé kò sí ẹni tó ń gòkè tí ẹnì kan bá kù lẹ́yìn nínú ilé ẹ̀."

Akínmúrelé fi ẹnu sún mọ́ etí ọkùnrin náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Láyíwọlá. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́ o. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí." Ó dé fìlà náà padà. "Ìgbà wo ni?"

"Ó di ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀," ni Akínmúrelé dáhùn.

"Ọdún méjì! Ẹ ò sì wá sọ fún òṣùwọ̀n?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ẹnu lọ ni.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìbòrí ya lápá ìlà-oòrùn. Àyè tó ya ò ju fífẹ̀ ilẹ̀kùn kan lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ búlúù kan ń tàn níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ò rí rí nílùú náà. Àwọn ìbejì sá lọ wò ó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ Táyéwò, ó sáré wálé wá mu omi. Kẹ́hìndé ní òun á wò ó díẹ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n fi máa lọ gbé e, awọ orí rẹ̀ ti gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná. Ibà ooru yẹn ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lára rẹ̀.

Màmá Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá lọ́jọ́ náà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ké. "A kì í pe ìbejì lókùú," ló wí. "Ó rìnrìn-àjò ni. Ẹni tó bá sọ ohun mìíràn létí Táyéwò, ó fẹ́ kí Táyéwò lọ bá a ni." Kí ni kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ kan ṣe, bí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè mú èkejì lọ? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sọ fún Táyéwò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìnrìn-àjò. Nǹkan tó bá rà fún ọ̀kan, ó ń rà á ní méjì. Ó dín àkàrà méjì, ó rán búláòsì méjì. Omi àwọn márùn-ún ló ń gbà lẹ́nu ẹ̀rọ omi láràárọ̀, a sì mọ bí omi ti ṣọ̀wọ́n tó nílùú náà. Kò mu ẹ̀kán kan nínú ti Kẹ́hìndé. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbé e lọ, yóò dà á sílẹ̀ nídìí ògiri níbi tí wọ́n sin ín sí, yóò sì fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó kí aládùúgbò má baà rí i.

Òfin fún ìyá ní ọjọ́ méje láti wá sọ ọ́ fún òṣùwọ̀n. Ìyá Ìbejì ò lọ lọ́jọ́ kìíní, kò lọ lọ́jọ́ keje. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń bẹ̀rù Ọdún Ìgòkè ni.

"Ṣé o ò wá lè ṣí i fún wa?" ni Akínmúrelé bi Láyíwọlá.

"Èmi kẹ̀? Bàbá, irin yìí ló ń ṣí ara ẹ̀. Èmi ò ju ẹni tó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lọ. Ó di dandan kí wọ́n sọ ọ́."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́." Akínmúrelé nàró ṣánṣán lórí òṣùwọ̀n. "Ọmọ mi, Kẹ́hìndé, ti..."

Màmá Àgbà ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọkùnrin tó ti hewú, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń rán Ìbòrí, dúró pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n bá níbi tó ti ń jí ẹran jẹ.

"Wọn ò tiẹ̀ ní gbà á lẹ́nu yín, bàbá," ni Láyíwọlá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹni tó bí i ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, lórí irin yìí, lójú gbogbo ilé. Ẹ ò rántí ìgbà tí wọ́n ní ilé kan ò gbọ́dọ̀ ju èèyàn márùn-ún lọ? Àwọn bàbá kan wá síbí, wọ́n ní ọmọ àwọn kú, kí wọ́n lè ráyè fún ìyàwó tuntun. Àbúrò ń pa ẹ̀gbọ́n lórí irin, ọmọ ń pa bàbá, àwọn tí wọ́n pa sì wà nílé tí wọ́n ń jẹ̀kọ. Ìyá nìkan ni wọn ò tíì rí kó wá parọ́ ikú mọ́ ọmọ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹnu ìyá nìkan ni wọ́n ń gbọ́."

Lẹ́yìn wọn, èrò ti ń kùn. "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o, oòrùn ò ní dúró de ẹnì kankan!" ni obìnrin kan ké. Nínú pápá, bàlúùnù ẹlẹ́ja kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi igbe ta. Táyéwò náà fi igbe ta, ó ta á tán, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì wojú ìyá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì rí ojú yẹn. Ó ronú pé bí wọ́n bá padà sílé, ọmọ yìí á ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún kó tó tún dúró níbí. Ó tún ronú pé bí òun bá la ẹnu òun sọ ọ́, bóyá kò ní dé ọdún méjìdínlógún rárá. Ó tẹ̀ sórí ihò tí òṣùwọ̀n fi ń gbọ́ràn.

"Kẹ́hìndé rìnrìn-àjò," ló sọ fún un.

"Ọjọ́ wo ni yóò dé?" ni òṣùwọ̀n bi í.

"Kò... kò ní dé mọ́."

"Ìrìn-àjò tí kò ní ọjọ́ àbọ̀ kò sí nínú ìwé. Ẹ tún un sọ."

"Omi ló dànù," ni Ìyá Ìbejì wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Omi tó tó mélòó ló dànù?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Nígbà tó rí ojú Ìyá Ìbejì, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

"Ṣé Kẹ́hìndé Akínmúrelé wà láàyè ni, àbí ó ti kú?" ni òṣùwọ̀n béèrè. "Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú."

"Ó tó!" ni Màmá Àgbà wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ojú ọ̀run kì í ṣe oúnjẹ. Èmi ti rí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó wà lórí gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í tiẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ẹ ká lọ."

"Màmá, ọdún mẹ́sàn-án ló kù kó tún tó kàn wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa dúró dè é?" ni Akínmúrelé bi í.

"Bí mi ò bá dúró dè é, mo máa gba ibòmíràn rí i. Ọmọ tó kù ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká tọ́jú."

Akínmúrelé yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí. Kò pè é ní Ìyá Ìbejì. Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ tó pè é yìí.

"Ṣẹ̀gílọlá. A kì í sunkún ẹni tó rìnrìn-àjò. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń jí lójoojúmọ́ lọ máa rán Ìbòrí, tí mò ń dé ibi tó ya yẹn, tí mò ń wò ó. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán an pa dé. Mi ò tíì sunkún ọmọ mi. Ẹ ò fún mi láyè kí n sunkún ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Ìbejì lára. Kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti rò pé ọkọ òun ni ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ro ti ọkọ, ojú rẹ̀ tún bọ́ sára Táyéwò, sí ọrùn tín-ínrín tó nà sókè nínú búláòsì tuntun, ìbẹ̀rù sì borí gbogbo èrò mìíràn. Èkejì búláòsì yẹn wà nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká.

"Ẹ máa bínú," ló wí. "Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò lórí irin.

"Kẹ́hìndé ti kú," ni Táyéwò wí.

Kò ké e, kò sì fi ẹkún sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò òṣùwọ̀n bó ti rí ìyá rẹ̀ ṣe, ó sì sọ ọ́ kó ye irin dáadáa. "Kẹ́hìndé Akínmúrelé. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti kú."

"A kì í gbà á lẹ́nu ọmọdé," ni òṣùwọ̀n wí. "Ìyá ni kó sọ ọ́."

Màmá Àgbà kígbe, ó di ọmọ náà lórí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bíi pé nǹkan fẹ́ fò jáde níbẹ̀. "Orí ẹ kọ̀ ọ́! Ẹlẹ́dàá ẹ kọ̀ ọ́! Ta ló sọ fún ẹ? Ta ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màmá Àgbà. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ rò pé mo ti sùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ náà gbóná, ó gbóná, ó wá tutù." Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ó tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ̀ nígbà yẹn."

"Kí ló dé tó ò fi sọ fún mi?" Ìyá Ìbejì ò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Ọdún méjì, Táyé. Kí ló dé tó ò sọ?"

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó rìnrìn-àjò. Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Mo wá rò pé bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ẹ máa fẹ́ lọ bá a."

Ìyá Ìbejì wo ọmọ rẹ̀ títí. Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣọ́ ọmọ yìí, tó ń yọ́ wọ yàrá lọ gbọ́ bóyá ó ń mí, ọmọ náà ti ń ṣọ́ òun. Ìbànújẹ́ tó bá a nígbà náà tóbi ju ìbẹ̀rù lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi là.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sórí irin. Ó di ọwọ́ Táyéwò mú.

"Kẹ́hìndé ti kú," ló wí.

"A ò gbọ́ dáadáa," ni òṣùwọ̀n wí. "Ẹ gbóhùn sókè."

Láyíwọlá gbé ojú sápá ibòmíràn. Ojú ń tì í nítorí irin.

"Ọmọ mi ti kú!" ni Ìyá Ìbejì ké. Ohùn rẹ̀ la pápá já. Àwọn tó ń fẹ́ iná sí bàlúùnù dúró wò ó, obìnrin tó ń pariwo lẹ́yìn dákẹ́. "Kẹ́hìndé mi ti kú! Ó kú lórí ẹní mi! Ọmọ ọdún méje! Mo bí i, mo sì sin ín, ó ti kú!"

"A gbọ́," ni òṣùwọ̀n wí. "Ìdílé Akínmúrelé, èèyàn mẹ́rin. Ẹ pé. Ẹ máa wọlé."

Ilẹ̀kùn irin ṣí. Wọn ò wọlé lójú ẹsẹ̀. Akínmúrelé ti jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí òṣùwọ̀n, ó fi eékún bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Màmá Àgbà fọwọ́ kan iwájú orí Táyéwò, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó tún padà fọwọ́ kan iwájú orí. Ara ọmọ náà ò gbóná. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Táyéwò sín nítorí ọyẹ́, àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrótoyè ni atukọ̀ wọn. Bàlúùnù aláwọ̀ osùn ni tiwọn, ó ti dìde tán, ó ń fa okùn mọ́lẹ̀. Dúrótoyè ti gbọ́ igbe ẹnubodè, gbogbo pápá ló gbọ́ ọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí wọn kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Láti òru ni wọ́n ti pín iná fún èèyàn márùn-ún sí inú ẹ̀rọ yìí, kò sì ṣe é dín kù mọ́. Bí apẹ̀rẹ̀ bá fúyẹ́ jù, á já wa lọ sókè kọjá ibi tó yẹ. A ní láti fi iyanrìn dí i." Ó ti gbé àpò kan dání. Ó wolẹ̀. "Ẹni... ẹni tí kò sí yẹn. Báwo ló ṣe wúwo tó?"

Ìyá Ìbejì mọ bí ọmọ náà ti wúwo nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, nítorí òun ló gbé e kúrò lórí ẹní. Bí yóò ti wúwo lónìí, ó wá ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n lọ́kàn, kò rí i.

"Ẹ wọ̀n mí," ni Táyéwò wí. "Bákan náà la máa ń wúwo."

Dúrótoyè so àpò mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá ìwọ̀n, Táyéwò dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń bu iyanrìn sínú àpò, ṣọ́bìrì kan, ṣọ́bìrì kan, títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí òun àti àpò wá dọ́gba. Wọ́n di ẹnu àpò, wọ́n sì gbé e sí igun apẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì wọlé, ó jókòó tì í.

Wọ́n tú okùn.

Kò sí ariwo púpọ̀ nínú gbígbéra bàlúùnù. Ilẹ̀ kàn sún kúrò lábẹ́ wọn ni. Òrùlé Àdúgbò Abẹ́ Àpáta kéré, ó di pẹrẹsẹ. Wọ́n la ẹnu Ìbòrí kọjá, níbi tí wọ́n ká a jọ sí lórí àwọn òpó, Akínmúrelé sì rí ojú ìránṣọ ọwọ́ ara rẹ̀ láti òdì kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ tútù gbá wọn lójú. Gbogbo òkè Ìdánrè nà síta, dúdú òun eérú, ọyẹ́ wà láàárín wọn bí wàrà. Lókè, kò sí nǹkan kan. Kò sí aṣọ, kò sí okùn, kò sí ìránṣọ. Búlúù ni, ó lọ, ó sì ń lọ.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni Màmá Àgbà ń sọ. "Ẹ wò ó. Ó ṣì wà níbi tí a fi í sí." Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyá Ìbejì ò dìde. Ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpò, inú aṣọ aláwọ̀ osùn nìkan ló ń rí àti iná tó ń yọ ahọ́n sínú rẹ̀. Àpò náà ò gbóná, kò tutù. Ó mọ̀ pé iyanrìn ni, orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ló ti pé tí nǹkan tó wúwo tó báyìí ti fara tì í, kò sì lè gbọ́wọ́ kúrò. Bí wákàtí náà ti ń lọ, ọkọ rẹ̀ bojú wò ó nígbà mẹ́ta, kò sì pè é.

Táyéwò ló fi ojú ọ̀run sílẹ̀. Ó wá lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, imú rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù.

"Màmi."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ṣé mo lè máa sùn sí àárín ẹní báyìí?"

Ìyá Ìbejì ò tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. "Ibo lo ti ń sùn tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri. Tiẹ̀ ni apá ibi ilẹ̀kùn. Bí mo bá bọ́ síbẹ̀ lójú oorun, mo máa ń jí, mo máa tún sún padà." Ó fa apá búláòsì rẹ̀ bo ọwọ́. "Ògiri yẹn máa ń tutù."

Ìyá rẹ̀ fi orí ti àpò iyanrìn, ó sunkún láìsí ohùn, ọmọ rẹ̀ sì dúró dè é bí ẹni tó ti mọ dídúró tipẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, oòrùn ti ń fi etí hàn lẹ́yìn àpáta, Dúrótoyè sì ti ń gbá okùn tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ mú.

"Sùn sí àárín," ni Ìyá Ìbejì wí. "Láti òní lọ, àárín ni kó o máa sùn."

Táyéwò mi orí. Ó na ọwọ́ sí i, Ìyá Ìbejì gbá ọwọ́ náà mú, ó gbé ọwọ́ kejì kúrò lórí àpò, ó sì dìde wá wo ojú ọ̀run díẹ̀ kí wọ́n tó fa Ìbòrí pa dé.